Ẹ̀rí Tí Aníwúrà Jẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọpẹ́ tí Aníwúrà dá ló dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tó gé ìka rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí obìnrin náà ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń fún epo, ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Igbótako. Ẹ̀rọ náà ní ìdérí irin tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn dé ibi eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹyìn bá pọ̀, a máa há sábẹ́ ìdérí yìí, wọn a sì ní láti pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó lè tú u. Ìyẹn ni kò tẹ́ Ọ̀gá Vincent, tó jẹ́ máníjà, lọ́rùn. Ó ní ìdádúró ti pọ̀ jù, kí wọ́n yọ ìdérí náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e ti ògiri, adìẹ olùṣọ́ ń sùn lé e lórí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ fa ìbọ̀wọ́ Aníwúrà wọlé, tó sì fa ohun tó wà nínú ìbọ̀wọ́ tẹ̀lé e.

Ọ̀gá Vincent wá kí i nílé ìwòsàn, ó gbé ọsàn wá. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, ipò rẹ̀ kò ní ṣófo. Kí Joy wá bá a dì í mú títí ọwọ́ yóò fi san. Joy ni ọmọ kan ṣoṣo tí Aníwúrà bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ọmọ ogún ọdún, tó ti jáde níléèwé gíga tí kò ríṣẹ́. Inú ìyá dùn dé ibi pé orí ibùsùn ló ti ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Àwa ènìyàn náà kúkú nìyẹn: wọ́n á ṣẹ́ni léegun tán, wọ́n á fúnni lọ́sàn, a ó sì máa dúpẹ́.

Nígbà tó kúrò nílé ìwòsàn, ó lọ dúpẹ́ ní ìjọ rẹ̀, ìjọ aláàdúrà tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun. Níbẹ̀, ẹni tó bá ń jẹ́rìí kì í dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìjọ Philemon ti kọ́ wọn tipẹ́ pé ẹ̀rí tó bá ti ń dá ènìyàn lẹ́bi, ó ti kúrò ní ẹ̀rí, ó ti di ẹjọ́, a kì í sì í gbé ẹjọ́ wá síwájú pẹpẹ. Ẹlẹ́rìí a pín ẹ̀bi fún ara rẹ̀ àti Èṣù, a wá pín ọpẹ́ kárí gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá Vincent wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àlejò, àga iwájú ni wọ́n fún un. Aníwúrà di àbẹ́là mú lọ́wọ́ òsì, ó ní, “Ẹ bá mi yin Olúwa. Kò sí ohun tí ilé iṣẹ́ mi kò ṣe láti dáàbò bò mí. Àìkíyèsí tèmi ni, ọ̀tá ló dí mi lójú.” Ìjọ ṣe halelúyà. Ẹnì kan nínú akọrin fi fóònù ká a sílẹ̀, ó sì gbé e sórí wásáàpù ìjọ.

Nígbà tí ọwọ́ jinná, Aníwúrà padà síbi iṣẹ́. Ẹnu géètì ni wọ́n ti fún un ní lẹ́tà. Wọ́n ní àìkíyèsí rẹ̀ ti kó ilé iṣẹ́ sí wàhálà, kó máa lọ sílé. Joy lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ó yọjú wo inú, ó rí ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó sì rí ìdérí lára ògiri níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé e lọ.

Wọ́n júwe lọ́yà kan fún un, Olúwaṣìkẹ́mi. Àkúrẹ́ ló ti ń wá sí Òkìtìpupa ní ọjọ́rú ọjọ́rú, a jókòó sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì, a sì máa gba ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ láìgba kọ́bọ̀. Láti Ìrẹ̀lẹ̀ títí dé Iyansan ni wọ́n ti ń wá bá a.

“Kí lẹ fẹ́ gan-an, Màámi?” Lọ́yà bi í.

“Kí wọ́n dá ìdérí yẹn padà,” ni Aníwúrà wí. “Ọwọ́ tèmi ti lọ. Ti Joy ló kù.”

Lọ́yà kọ̀wé sí ilé iṣẹ́. Nígbà tí èsì yóò fi dé, fídíò ìdúpẹ́ ló bá a wá. Lọ́yà tẹ̀ ẹ́, ohùn Aníwúrà sì kún inú yàrá náà: kò sí ohun tí ilé iṣẹ́ mi kò ṣe. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

“Bí ẹ bá fẹ́ ká tẹ̀ síwájú,” ni Lọ́yà wí, “ẹ ó búra ní kóòtù pé ohun tí ẹ sọ yìí kì í ṣe òótọ́.”

“Iwájú pẹpẹ ni mo ti sọ ọ́.”

“Mo mọ̀, Màámi.”

Aníwúrà gba ilé Bàbá Ìjọ lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun tún ẹ̀rí náà jẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, bó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Bàbá Philemon kì í ṣe ènìyàn burúkú, àánú obìnrin náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó mirí. “Ìyá Joy, a kì í gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí o bá gbà á, kí lo tún fẹ́ kó fún ọ?” Ó gbàdúrà fún un, ó fún un ní omi ìyè, ó sìn ín dé ojú títì. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Aníwúrà dúró sétí títì, ọlọ́kadà mẹ́ta ló béèrè ibi tó ń lọ, kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Lọ́yà ní ìwé mìíràn tún dé. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló fọwọ́ sí i pé ìdérí wà lórí ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Lọ́yà fẹ́ yára ṣí ojú ewé náà kọjá, àmọ́ Aníwúrà ti rí orúkọ kẹta. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, òun ló rán an lọ sílé ìwé.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé púpurú fún Joy, kò sì jẹ́ kó bu òkèlè kejì tó fi bi í.

“Ṣé wọ́n ti dá ìdérí padà ni?”

“Rárá.”

“Kí lo wá fọwọ́ sí?”

Joy wo ilẹ̀. “Ohun tí ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kà sí mi létí. Ìgbà tí ẹ̀yin lè sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run, Màámi, kí lẹ fẹ́ kí n sọ níwájú Ọ̀gá Vincent?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára. Ó fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí ì bá bínú sí. Nígbà tó yá, ó ní kí Joy fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Joy ní kí ni wọn yóò máa jẹ, ta ni yóò sì gba ọmọ ẹni tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ síṣẹ́ ní gbogbo agbègbè yìí. Ohun tí Aníwúrà náà ń rò nìyẹn.

Kò tún bi Bàbá Ìjọ mọ́. Lọ́jọ́rú tó tún dé, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Lọ́yà.

“Ẹ kọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá máa lé mi ní ìjọ, kí wọ́n lé mi.”

Lọ́yà rọra mú bírò. “Agbẹjọ́rò wọn máa bi yín pé ṣé ọmọ yín náà parọ́.”

“Ẹ jẹ́ kó bi mí. Màá ní ó parọ́, ẹnu mi ló sì ti kọ́ ọ.”

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Aníwúrà fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí i, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán. Ó béèrè ìgbà tí kóòtù yóò pè wọ́n, Lọ́yà ní ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, Joy sì ti wà nídìí ẹ̀rọ láti aago méje.