Ọjọ́ Tí Bátìrì Dádì Fẹ́rànmí Tán

Ọkọ mi Akínjídé kì í mu ọtí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sì í lé obìnrin. Kámẹ́rà nìkan ló ń dà á láàmú. Lọ́dún 2014 ló rán ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé kó bá òun rà á bọ̀ láti Dubai, kámẹ́rà kékeré tó ṣeé tì bọ àpò ẹ̀wù, àmọ́ tí owó rẹ̀ kò kéré rárá. Mo bi í léèrè iye tó rà á, ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó. Mo jókòó. Kò tíì sọ ọ́ títí dòní.

Ká ní kámẹ́rà nìkan ni, ǹ bá gbà. Ó tún ra àpò aláwọ fún un, ó ra okùn tí wọ́n ń fi kọ́ ọ sọ́wọ́, ó ra ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ra rọ́bà kan tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè fẹ́ atẹ́gùn sí kámẹ́rà lójú, ó sì ra aṣọ ìnujú kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tí mo bí Fẹ́rànmí ọmọ wa, ẹrù tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ti bátìrì ló wá ga jù. Bátìrì kámẹ́rà náà kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ, kì í sì í yà ju igba fọ́tò ó lé díẹ̀ lọ kó tó kú. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan, ní kété tí pásítọ̀ gbé ọmọ sókè. Ojú ti ọkọ mi débi pé kò jẹ ìrẹsì. Láti ọjọ́ náà ló ti di oníbátìrì mẹ́rin: ọ̀kan nínú kámẹ́rà, mẹ́ta nínú báàgì. Èyí tó bá kún, ó máa lẹ plásítà funfun mọ́ ọn lára. Èyí tó bá tán, ó máa ṣí plásítà rẹ̀ kúrò. Kò sì gbà kí wọ́n fi iná jẹ́nẹ́rétọ̀ ṣájì wọn, ó ní iná yẹn kì í dúró sójú kan. Ọkọ mi lè gbàgbé bẹ́líìtì sílé, kò lè gbàgbé bátìrì mẹ́ta tó wọ plásítà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ wá láti Kàbà, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní Gwarinpa. Màmá fẹ́ pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ìjọ wọn nílé sì fẹ́ tẹ ìwé fún ìdúpẹ́ náà. Wọ́n ní kí fọ́tò Màmá àti Àǹtí Felicia, àbúrò rẹ̀, wà níbẹ̀, torí àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Durumi ni Àǹtí Felicia ń gbé, kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà rèé tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Fọ́tò mìíràn ló dá ìjà yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, Àǹtí Felicia ló tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Iwájú ìwé náà, fọ́tò ibi tí ìyá wọn ti ń rẹ́rìn-ín tẹnu-teyín ló wà níbẹ̀. Màmá ló jókòó tì í nínú fọ́tò yẹn, àmọ́ wọ́n ti gé e dànù. Èjìká rẹ̀ àti etí gèlè nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Ó gé mi kúrò lára ìyá mi," ni Màmá máa ń wí.

Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín nínú ara mi, títí mo fi rí i pé inú Bíbélì rẹ̀ ni Màmá ń tọ́jú ìwé náà sí. Láti ìgbà náà, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Ọkọ mi bẹ àwọn méjèèjì títí. Wọ́n gbà níkẹyìn: fọ́tò kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Sátidé, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Màmá máa padà sílé lọ́jọ́ Ajé. Bí Sátidé bá bọ́, ó dójú ikú nìyẹn, ohun tó sì ń ba ọkọ mi lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, Màmá jókòó tì í níbi tó ti ń lẹ plásítà.

"Ẹ wò ó, Màmá, gbogbo èyí tó wọ plásítà ló kún."

"Ká ní o tọ́jú ara rẹ báyìí ni," Màmá wí, "ò bá ti sanra."

Àǹtí Felicia dé ní aago mẹ́ta. Takisí tó gbé e wá ń dúró dè é níta, báàgì rẹ̀ sì wà léjìká.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n."

"Káàsán." Kọ́tìnnì ni Màmá kọjú sí tó fi dáhùn.

Wọ́n jókòó sórí àga gígùn, àlàfo tó wà láàárín wọn gba Fẹ́rànmí pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀. Ọkọ mi gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́, ó fajú ro.

"Bátìrì ti tán."

"Àwọn yòókù ńkọ́?" mo bi í.

"Gbogbo wọn ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, kò síná, mo máa lọ ṣájì ọ̀kan nínú mọ́tò. Bíi wákàtí kan ni. Àǹtí, èmi ni mo máa gbé yín délé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún onítakisí kó máa lọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Mo gbọ́ tí takisí náà lọ. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Bátìrì tí a ti ń bọ bí òrìṣà láti ọdún tó kọjá! Mo sá wọ ilé ìdáná lọ dín dòdò.

Láti ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo ń rí wọn ní pálọ̀. Fáànù kò yí. Nígbà tó ṣe, Màmá yọ ìwé kan nínú Bíbélì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú náà ni.

"Ẹ ṣì ní i lọ́wọ́?" Àǹtí Felicia bi í.

"Èjìká mi wà níbẹ̀."

Àǹtí Felicia wo ìwé náà. "Ẹ̀gbọ́n, ojú ìwé ò gba ẹni méjì. Kò sì sí fọ́tò mìíràn tí Ìyá ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ ní gèlè mi dà bíi pé mo ru agbada àkàrà."

"Mo wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ wí i. Odidi fọ́tò náà wà lára ògiri mi ní Durumi. Mo fi sínú dígí."

"O ò pè mí kí n wá wò ó."

"Ẹ̀rù yín ń bà mí."

Màmá dáwọ́ ìwé dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gèlè yẹn burú lóòótọ́, Felicia." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ sínú èdè ìlú wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìdajì ni mo ń gbọ́, àmọ́ mi ò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bu omi tutù, mo gbé e lọ bá ọkọ mi níta, ìjà ṣì wà lẹ́nu mi. Ó ti da àga mọ́tò sẹ́yìn lábẹ́ igi máńgòrò. Mọ́tò wà ní pípa. Kò sí wáyà kankan. Báàgì wà lórí itan rẹ̀ ní ṣíṣí, bátìrì mẹ́ta, plásítà mẹ́ta.

"Dádì Fẹ́rànmí!"

"Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Aṣọ kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ló fà yọ, ó fi nu ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo mu omi tí mo gbé wá fún un.

Nígbà tí a wọlé, báàgì Àǹtí Felicia ti wà nílẹ̀, ó ti bọ́ bàtà, àlàfo orí àga sì ti tán. Nínú fọ́tò náà, kò sí ẹni tó panu dé nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, a sin Màmá dé gáréèjì. Nígbà tó ti jókòó sínú ọkọ̀ Kàbà, ó yọjú síta.

"Jídé, àwọn bátìrì rẹ tó wọ plásítà láàárọ̀ Sátidé yẹn, kí ló jẹ iná wọn?"

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ ti mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Felicia máa tẹ̀ lé takisí rẹ̀ lọ," Màmá wí. "Nígbà tó jókòó síbẹ̀, mo yọ ìwé mi síta."