Òòlù Torborg

Ẹja tó tóbi bí ọmọ ọdún méjì ni Torborg fi gbá Sunniva, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lẹ́nu. Ó dún pàà! Fìlà Sunniva fò sínú agbada ìfun ẹja, ẹ̀jẹ̀ sì tú ní imú rẹ̀.

"Màmá, ẹ lù mí?"

"Mo lù ọ́. Tún un sọ, kí n wá fi ìrù rẹ̀ nà ọ́ létí."

"Mo ní òòlù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nílé iṣẹ́ yìí!"

Torborg tún na ẹja sókè. Òòlù igi tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ yìí, ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, ó sì ti lo ọdún méjìlélógójì pẹ̀lú rẹ̀ lórí tábìlì tí àwọn obìnrin erékùṣù Skarvøy ti ń la ẹja. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ki ọ̀bẹ bọ ẹja kí olórí tábìlì tó kan òòlù. Bó bá kàn án, ọ̀bẹ mẹ́jọ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí pé ẹnìkan ń yọ́ lọ síbì kan, àfi bó bá tún kàn án. Arnfrid, tó kéré jù, tó máa ń dúró ní ìpẹ̀kun tábìlì, ti tọ̀ sínú bàtà rí níbi tó ti ń retí rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ṣẹlẹ̀, wọn ò sì tíì fi í lọ́rùn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn apẹja tó ni ilé iṣẹ́ náà ti fi Sunniva ṣe ọ̀gá, Sunniva sì ti gbé ẹ̀rọ wọlé. Bẹ́líìtì gígùn kan á máa gbé ẹja kọjá níwájú àwọn obìnrin. Wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ kúrò, bẹ́líìtì á sì gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ eléyín irin tó ń ré ẹran kúrò lára eegun. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wàhálà bá dé, bọ́tìnnì pupa kan tó ń dá ẹ̀rọ dúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gudlaug, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tábìlì náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni kó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀rọ tí ò létí," ni Torborg wí, "báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ò létí, Màmá Torborg," Gudlaug dá sí i.

Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Torborg fò mọ́ ọn. Gudlaug fa irun rẹ̀ tu, Torborg gé e létí jẹ, ẹ̀dọ̀ ẹja ń fò kiri bí òkò. Nígbà tí eruku rẹ̀ máa rọlẹ̀, Torborg ti jókòó lé Gudlaug láyà.

"Ẹ gbé ìdí yín kúrò! Mi ò lè mí!"

"Ìdí yìí? Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi fi bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i. Ìwọ rí i lọ́fẹ̀ẹ́, o tún ń pariwo!"

Sunniva nu imú rẹ̀. "Kálukú sí àyè rẹ̀," ó wí, ó sì tan ẹ̀rọ.

Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Torborg lọ dúró sí ipò olórí tábìlì, ó ki òòlù bọ abíyá, ó ká ọwọ́ pọ̀ láyà. Kò ní í kàn án. Ó fẹ́ kí ojú ti Sunniva díẹ̀. Obìnrin méje gbé ọ̀bẹ sókè, wọ́n ń retí. Ẹja ń kọjá tòun ti ìfun nínú, wọ́n ń há sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n ń gun ara wọn, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì.

"Ẹ là á! Kí lẹ ń wò?" Sunniva sáré lọ fọwọ́ fa èyí tó há. Eyín ẹ̀rọ bá apá aṣọ rẹ̀, ó wọ́ ọ wọlé.

Igbe tó ké kò jọ ti ènìyàn. Eegun dún bí igi gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára ògiri.

Bọ́tìnnì pupa wà níbi ìgbúnwọ́ Gudlaug. Gudlaug kò tẹ̀ ẹ́. Òòlù ló ń wò. Arnfrid náà, òòlù ló ń wò. Ojú mẹ́rìnlá, ọ̀bẹ lókè, kò sì sí ẹni tó mira.

Torborg wo ojú wọn. Òun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́!" ó kígbe. Gudlaug kàn la ẹnu sílẹ̀. Torborg bá yọ òòlù, ó sọ ọ́ tagbáratagbára. Ó bá Gudlaug léjìká, káà! Gudlaug fi gbogbo ara ṣubú lé bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Torborg fi ọ̀bẹ ya apá aṣọ náà. Ìka mẹ́ta ló bá ọwọ́ jáde. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dì í, ó gbé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lé ejìká bí àpò iyọ̀, ó sì ń sunkún títí dé inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí Torborg padà, Arnfrid ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

"Ìrù ni ì bá ṣíwájú," Arnfrid rọra wí.

"Kí lo sọ?"

"Orí ẹja ló ń há, Màmá. Bí a bá to ìrù síwájú, kò ní í há."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé."

"O ò wá sọ?"

Arnfrid wo ilẹ̀. "Ẹ ò tíì kan òòlù."

Torborg kò lu ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá òòlù rí lábẹ́ ìfun ẹja, ó mú àáké, ó là á sí mẹ́rin, ó sì kó o sínú ààrò tí wọ́n fi ń se kọfí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Arnfrid ló dúró sí ipò olórí tábìlì. Ó to ìrù síwájú. Bẹ́líìtì gbéra. Ọ̀bẹ kan wọlé níbí, òmíràn wọlé lọ́hùn-ún, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán. Ẹja kan kọjá níwájú Torborg. Òmíràn tún kọjá.

"Màmá, kí lẹ ń retí?" Arnfrid bi í.

Torborg gbójú wo ọ̀bẹ ara rẹ̀ lókè. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rín títí tó fi di tábìlì mú, nǹkan gbígbóná sì ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Arnfrid, ṣe mí jẹ́jẹ́ o," ó wí, ó sì ki ọ̀bẹ bọ ikùn ẹja kẹta. "Bàtà tèmi náà ti kún."