Wáyà Inú Ògiri

Julius Oyèdélé, akọ̀wé rélùwéè ní Enugu, wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi òòlù fọ́ ògiri ilé rẹ̀. Ó ti pa gbogbo iná, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ inú mítà iná ń yí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Lánàá, iná inú ògiri yìí gbé Moríyọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣánlẹ̀.

Wáyà kan tí ara rẹ̀ ti bó yọjú, Julius sì tọ̀ ọ́ wọ yàrá Akíntọ́lá aládùúgbò rẹ̀, títí dé ìdí sítóòfù oníná.

Akíntọ́lá dínà mọ́ ọn. "Bọ̀dá Julius, ẹ ò ní gé e o! Nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ta ní í fi ẹyín iná du aládùúgbò? Mo bu díẹ̀ nínú tiyín, tiyín ò sì kú."

"Ọmọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ìwọ òpònú!"

Akíntọ́lá gé e jẹ léjìká. Julius fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ sì bo àyà àwọn méjèèjì. Julius padà sílé, ó yọ fíúsì, ó gbé àáké wá, ó gé wáyà náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fọ́ sítóòfù túútúú. Ó dá fíúsì padà, ó wo mítà: kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ àyà rẹ̀, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.