Síńgílẹ́ẹ̀tì Méjì Nítorí Ìwọ́ Ìlérí

Ọjọ́ tí ìwọ́ ọmọ tuntun náà, Ìlérí, já ní Fínláǹdì, ìyá-ìyá rẹ̀, Oyèníkẹ́, ti gbẹ́ ihò dè é lẹ́yìnkùlé ní Agége.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì," Tinúọlá, ìyá ọmọ, sọ lórí fóònù. "Inú igbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ rì í sí, lábẹ́ igi páìnì kan."

Iṣẹ́ Tinúọlá ni kó máa yẹ ilẹ̀ igbó ọ̀hún wò, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò yé ìyá rẹ̀ rí. Ohun tó yé e ni pé ibi tí wọ́n bá ri ìwọ́ ọmọ sí, ibẹ̀ lọmọ ń pè nílé. Ta ni yóò wá fi ọ̀nà Agége han Ìlérí?

"Ilẹ̀ tó ń di yìnyín," ó ní. "Ilẹ̀ tí ò lè jẹun. Ṣé inú fíríìjì lo fẹ́ ri ìwọ́ ọmọ mi sí ni?"

"Ó ń jẹun, mà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Jẹ́ ká dán an wò. Ilẹ̀ tó bá mọ oúnjẹ jẹ ló ni ìwọ́."

Tinúọlá rẹ́rìn-ín, torí báwọn náà ṣe ń dán ilẹ̀ wò níbi iṣẹ́ nìyẹn: wọn á ri aṣọ òwú mọ́lẹ̀, wọn á wá wo bí ilẹ̀ ṣe jẹ ẹ́ tó. Aṣọ tí òun àti ìyá rẹ̀ máa rì kàn gbọ́dọ̀ bára mu ni.

"Síńgílẹ́ẹ̀tì Dádì kan wà lọ́wọ́ mi níbí," ó ní.

Bàbá rẹ̀, Akínfẹ́nwá, yọjú láti pálọ̀. "Ìwọ lo gbé e? Ìyá ẹ ni mo ti ń fura sí."

"Mo máa ń wọ̀ ọ́ sùn ni, sà."

Oyèníkẹ́ ti ń bọ́ ìkejì síńgílẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

Oyèníkẹ́ rì í tán, ó bá gba Oko Ọba lọ, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ìgbẹ́ màlúù ló rù bọ̀. Ó pò ó mọ́ omi, ó sì ń bù ú sínú ihò láràárọ̀, bí ẹní ń fún ọmọ lógì.

Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, wọ́n hú aṣọ méjèèjì lójú fóònù. Ti Agége, kìkì àmì kékeré tí ilé iṣẹ́ rán mọ́ ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Oyèníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Mo borí. Fi ìwọ́ ọmọ mi ránṣẹ́."

"Tinú, bi í léèrè ohun tó ń bù sínú ihò yẹn," ni Akínfẹ́nwá wí.

"Bàbá Tinú, ẹ lọ wọ aṣọ."

"Èwo ló kù?"

Tinúọlá ò jiyàn. "Ẹ̀ báà má bu nǹkan kan sí i, ẹ máa borí, mà. Ilẹ̀ ibí tutù, ó sì kan bí ògì. Ẹ wo tèmi."

Ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sókè. Ó ti pọ́n díẹ̀, fọ́nrán funfun tín-ín-rín sì bò ó. "Fọ́nrán olu inú igbó ni, mà. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ó máa ń so mọ́ gbòǹgbò igi, á máa bá a fa omi."

Oyèníkẹ́ ò gbọ́ ìyókù. Lábẹ́ abíyá aṣọ náà, ó rí òwú búlúù. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán ojú ibẹ̀ nígbà tó ya, lọ́dún tí Tinúọlá ń múra àtirìnrìn àjò. Ìrán náà ò tú.

Ó jókòó ti ihò rẹ̀, ihò tó jẹ gbogbo ohun tí wọ́n fún un.

"Ilẹ̀ yín yẹn," ó sọ jẹ́jẹ́, "ó mọ nǹkan tọ́jú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Rì í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé e jìnnà sójú ọ̀nà. Orúnkún ń dùn mí, mo sì fẹ́ wá wò ó."

Tinúọlá fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu ojú, erùpẹ̀ igbó bá kùn ún nímú.

"Tó o bá nu ojú tán," Akínfẹ́nwá ní, "fọ aṣọ mi kó o fi ránṣẹ́."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún un, kó máa wọ̀ ọ́ sùn," ni Oyèníkẹ́ wí. Ó ti ń gbin ẹ̀fọ́ ṣọkọ sójú ihò náà.