Òjò Àkọ́kọ́ Lórí Òkè

Ìjọba ra gbogbo ilé etí odò nítorí àgbàrá, wọ́n wó wọn, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Orí òkè ni ìyá aránṣọ kó lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ ṣe ṣú, ó gbé búlọ́ọ̀kù jáde.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, omi wo ló fẹ́ gun òkè?"

"Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, jàre!"

Ó wá ṣí fèrèsé, ó pariwo bó ṣe máa ń pe aládùúgbò rẹ̀ létí odò: "Ìyá onídìrí, ṣé ẹ ti gbé ẹrù yín sókè?"

Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí yọjú lódìkejì. "Màmá, ta lẹ ń pè?"

Ó rọra pa fèrèsé dé.

"Yọ búlọ́ọ̀kù yẹn," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "A ti kó kúrò lóòótọ́."