Onídèérí Funfun

"Kí lẹ fi pa ọmọ yìí lára?"

Nọ́ọ̀sì ti tú aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ó sì gbé e sábẹ́ iná. Láti ọrùn dé ìdodo, ara ọmọ oṣù méjì ti di pupa fòò, omi sì ti ń gbá jọ sábẹ́ awọ rẹ̀ níbòmíràn. Ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Epo òrí ni, mà," ìyá ọmọ dáhùn.

"Epo òrí kọ́ nìyí." Nọ́ọ̀sì fi imú kan aṣọ ọmọ náà. "Mò ń gbọ́ òórùn kànáfùrù. Mò ń gbọ́ òórùn ata. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?"

"Ọ̀fìnkìn ló dí mi nímú láti ìjẹta, mà."

Ìyá Onípara jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì ọmọ sórí itan. Òun ni ìyá bàbá ọmọ náà, òórùn yẹn ò sì ṣàjèjì sí i. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Atalẹ̀, kànáfùrù àti ata wẹ́wẹ́, tí wọ́n rẹ sínú òróró àgbọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí irun wọn ń re ló ń ṣe é fún. Àgbàlagbà pàápàá, tó bá fi pa orí, á ní kí wọ́n bá òun ṣí fèrèsé.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti sáré dé láti ibi iṣẹ́, eruku ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Epo orí lo fi pa ọmọ! Epo tí wọ́n ń fi pa àtàrí! Odidi ìwọ tó o kàwé, ṣé o ò wo ohun tó o mú ni?"

"Mo wò ó. Bí Màámi ṣe ní kí n mú un ni mo ṣe mú un."

"Màámi ló ní kó o fi ata pa ọmọ?"

Ìyàwó gbójú sókè, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Kò sí ìbínú nínú bó ṣe wò ó. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ni, ó sì dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Ìyá Onípara la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ ná. Ariwo kì í wo ọmọ sàn."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà lòun sá pamọ́ sí.

Ìyàwó gbójú wálẹ̀, kò sì wò ó mọ́.

Wọ́n fi omi tútù wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fún un lóògùn. Dókítà ní awọ ibẹ̀ á bó, á sì hù padà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ fi epo kankan kàn án títí òun á fi ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàbá ọmọ gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Láti òní lọ," ó ní, "Màámi ni á máa wá wẹ ọmọ yìí láràárọ̀ lálaalẹ́. Ẹni tó mọ epo ni kó fọwọ́ kan ara ọmọ. Ìwọ máa bá wọn gbé tówẹ̀lì dání."

Ìyàwó ní, "Ó dáa." Ó dì mọ́ irin àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Onípara ò lè bá wọn lọ sílé. Ó ní òun ní oníbàárà tó ń dúró de òun, kò sì sí oníbàárà kankan. Ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: fèrèsé kan, tábìlì kan, àti pẹpẹ tí ọkọ rẹ̀ kàn mọ́ ògiri kó tó kú. Ogún ọdún ló ti ń ta epo níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kéèyàn tó ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò. Ta ló fẹ́ lò ó? Ibo ló fẹ́ fi pa? Kí ló ti ń lò tẹ́lẹ̀? Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, á bu òrí fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń dán tẹ́lẹ̀, á ní kó jìnnà sí òrí. Ẹni tó bá ní ohun tó bá ti ti ara igi wá kò lè ṣèèyàn níbi, á rẹ́rìn-ín sí i. "Ata ńkọ́? Ṣé orí àpáta ni ata ti ń so?" Á wá ní kí onítọ̀hún fi díẹ̀ pa inú ìgbọ̀nwọ́, kó sùn, kó jí, kó tó padà wá rà á.

Kò bi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ìjẹta ni. Èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, ó ń da epo sínú ìgò, Ìyàwó sì wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Màámi, ara ọmọ ti ń gbẹ. Èwo ni kí n mú?" Kò tilẹ̀ yíjú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ júwe pẹpẹ. "Epo òrí ni kó o mú. Onídèérí funfun. Máa mú un lọ."

Ọkọ rẹ̀, Tíṣà, ni kì bá tí jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ìgò tó kúrò nínú yàrá yìí láìjẹ́ pé ó fi bírò fàmì ohùn sórí bébà ara rẹ̀. Onítẹ̀wé ní kọ̀ǹpútà òun ò mọ àmì, EPO ORI ló sì tẹ̀ sára méjèèjì; òrí tí wọ́n yọ́ mọ́ òróró sì jọ epo orí nínú ìgò. Tíṣà á jókòó tì wọ́n, á fàmì ìsàlẹ̀ sórí O ti òrí, á sì fi O ti orí sílẹ̀ láìlámì. Ó tiẹ̀ ní kó kúkú pe èkejì ní epo irun. Ìyá Onípara kọ̀. "Orí ni mò ń tọ́jú," ló sọ fún un. "Irun kàn jẹ́ èrè ni." Á sì fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín pé àmì lòun fẹ́ ẹ fún, kì í ṣe owó oṣù.

Nígbà tí Tíṣà kú, kò lè fọwọ́ kan bírò náà. Ó wá ìdérí aláwọ̀ méjì: funfun fún òrí, búlúù fún orí. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, búlúù tán lọ́jà, ó sì fi funfun dé gbogbo ẹ̀. Ó ní, èmi tí mo sè é, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni?

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà ni, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, abẹ́rẹ́ ti sọ orí ìka rẹ̀ di págunpàgun.

"Ìyá Onípara, ẹ fún mi lónídèérí funfun mi jàre. Awọ ọwọ́ mi tún ti ń ya."

Ìyá Onípara nawọ́ sí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú. Ó mú ìgò kan, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Ó mú òmíràn, ó ṣí i, ó fi imú sí i.

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sè é, ẹ tún ń gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀rín lásán ni télọ̀ rín, ṣùgbọ́n ó wọ Ìyá Onípara lára ṣinṣin. Ó jókòó. Bí òun tóun sè é ò bá lè mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ kí Ìyàwó fi mọ̀ ọ́n?

"Mi ò ní tà lónìí," ó ní. "Má bínú sí mi. Mi ò ní ta ohunkóhun lónìí."

Lẹ́yìn tí télọ̀ lọ, ó fa páálí kan yọ, ó sì wá bírò Tíṣà rí ní ìsàlẹ̀ àpótí. Bírò náà ti gbẹ. Ó fi ẹnu mí sí i títí tí ìnkì fi jáde. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, tàmìtàmì: *Ẹni tó bá ra onídèérí funfun lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó má fi para. Kó gbé e padà wá. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe.* Ó kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo òpópónà á ti rí i, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó dé ilé wọn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Màámi, ẹ káàbọ̀. Omi ọmọ ti wà nílẹ̀."

"Mi ò wá wẹ ọmọ." Kò jókòó. Ìyàwó wà lórí ìjókòó lójú fèrèsé, ó ń ká aṣọ ọmọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. "Ìwọ ni mo wá bá, Ìyàwó, ọkọ rẹ á sì gbọ́ ọ. Èmi ni mo ní kó o mú onídèérí funfun. Gbogbo ìdérí tó wà lórí pẹpẹ ló funfun. Mi ò yíjú wò ọ́. Mo sì ti mọ̀, láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti béèrè."

"Màámi, kò burú," ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Kò sẹ́ni tí kì í..."

"Ó burú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Èmi gan-an ni mo ń pàtẹ. Bẹ ìyàwó rẹ. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí Ìyàwó máa sọ̀rọ̀, aṣọ kékeré náà ló ń wò.

"Kì í ṣe epo ló dùn mí, Màámi. Àṣìṣe ò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹ wò mí lójú, ẹ sì dákẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Onípara wí. "Mo dákẹ́."

Ọmọ jí nínú yàrá, ó bú sẹ́kún pẹ̀lú ohùn háháhá yẹn. Bàbá rẹ̀ gbé e jáde, ó dúró láàárín àwọn obìnrin méjèèjì, kò mọ ẹni tóun máa gbé e fún. Ó gbé e fún Ìyàwó tó bí i. Ó ní, "Má bínú," jẹ́jẹ́, Ìyàwó sì gba ọmọ náà.

Ó tú aṣọ ọmọ náà, ó fọwọ́ tọ́ omi inú bàsíà wò. Ìyá Onípara yíjú sí ẹnu ọ̀nà láti máa lọ.

"Màámi."

Ó dúró.

"Ẹ wá bá mi gbé orí rẹ̀ dání."

Ìyá Onípara gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọṣẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, ó sì tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ orí ọmọ náà.