Ìjókòó Oorun Badrudeen

Mo ti pẹ́ lókè òkun débi pé Hausa ẹnu mi ti ń dípẹtà. Síbẹ̀, bí bàálù bá kọjá lókè ilé mi, Kàdúná ni ọkàn mi máa ń lọ, pàápàá àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2006 tí à ń kó àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà dé Jẹ́dà.

Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ bàálù wò, kí n sì buwọ́ lùwé pé ó lè lọ. Awakọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: bí méjì bá ń wà á, ẹnì kan á máa sùn, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa lọ tí wọ́n máa bọ̀. Òfin ní ẹni kẹta gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀ tó ṣeé nà lé gbalaja, tí aṣọ bò mọ́ èrò lójú, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó sí. Bí kò bá sí i, bàálù kò gbéra. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé bí a kò bá lọ kó tó di aago méjìlá, àyè tí wọ́n fún wa láti balẹ̀ ní Jẹ́dà ti parí, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn kò sì ní rí Hajj ọdún náà ṣe.

Mo ká aṣọ sókè. Ìyá àgbà kan ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà.

“Ìyá, ta ló fi yín síbí?”

“Ọmọ tó ń wa bàálù ni. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.”

Badrudeen, awakọ̀ kẹta, ọmọ Kabala Doki ní Kàdúná, wà lẹ́yìn mi, ó ń họ orí.

“Ọ̀gá, orúnkún ń dùn wọ́n. Ṣé kí n wá na tàn-ìn, kí ẹni tó tó ìyá ìyá mi máa jókòó gan-n-gan? Màá tòògbé díẹ̀ ní àga wọn lẹ́yìn.”

Harriet, ọmọ gúúsù Kàdúná, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ náà, yọ orí jáde láti yàrá awakọ̀.

“Haba, Badru, o ti fi ibùsùn rẹ ṣe sàráà? Ó dáa. Bí o kò bá sùn, èmi náà kò lọ. Aago mọ́kànlá ti lù o.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn,” ni Badrudeen wí fún mi. “Ẹ̀yin lẹ dàgbà.”

Ọmọ àádọ́ta ọdún ni mí nígbà náà. Lójú ìyá, ọmọdé ni gbogbo wa. Mo ka káàdì ọrùn wọn: Wúlẹ̀mọ̀tù, àdúgbò Kákúrì. Mo lóṣòó.

“Ìyá, ọmọ yìí ló máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù tí wọ́n bá dé agbedeméjì ọ̀nà. Ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe. Ibi tó ti máa sùn kí tiẹ̀ tó kàn nìyí.”

Ìyá dìde jókòó.

“Ṣíìfù? Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe é nílé iṣẹ́ aṣọ. Ẹni tí kò bá sùn wá, ẹ̀rọ á gba ìka ẹ̀. Ìka ni tiwa o. Tiyín yìí, gbogbo ara ni.” Wọ́n kọjú sí Badrudeen. “O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o wá ń ṣe ọmọlúàbí fún mi?”

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè dùbúlẹ̀ kẹ́yin máa jókòó.”

“Ta ni àgbà níbí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi ni mo ní kó o sùn. Bọ́ bàtà ẹ.”

Ó bọ́ ọ. Ó dùbúlẹ̀ bí ọmọ ọdún méje. Ìyá fa aṣọ bò ó, wọ́n sì lọ dúró ti àga tó kángun síbẹ̀. Ọkùnrin tó ni àga náà wo ojú wọn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá sẹ́yìn láìjiyàn. Mo buwọ́ lùwé. Bàálù gbéra nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

Ìgbà tí wọ́n padà dé ni Harriet ròyìn fún mi. Ó ní ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ nítòsí ibẹ̀. Badrudeen sùn fún wákàtí méjì ààbọ̀, ìyá fúnra wọn ló sì jí i. Kó tó lọ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀nà, tòun ti aṣọ awakọ̀ lọ́rùn.

“Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi,” ni Harriet wí. “Àdúrà ìyá ni kò tètè parí.”